Àwo Ìṣáájú àti Àwo Ìkẹyìn: Ọ̀rọ̀ Lórí Orin Sunny Adé

Ìjiyàn kan wà tí ó ti gbilẹ̀ láàárín àwa ará etí òkun, kò sì yẹ kí ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ nítorí èdè àti ìṣe Yorùbá máa wò ó níran. Láti Ìgbókòdá dé Ugbòńlá, láti Mahin dé Ayétòrò, níbi ìsìnkú arúgbó, níbi ìwúyè, àní nínú ọkọ̀ ojú omi tí ń kó èrò lọ sí ọjà, bí orin Sunny Adé bá ti dún, àgbàlagbà kan yóò mi orí, yóò sì wí pé, "Èyí kọ́ ni Sunny tí àwa mọ̀." Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yóò dáhùn pé, "Bàbá, èyí tí ẹ̀yin mọ̀ ni ayé kò mọ̀." Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò ti di ariwo.

Ìhà méjì ni àwọn olùjiyàn pín sí. Ìhà kìn-ín-ní gbà pé àwọn àwo tí ọkùnrin náà ṣe láti ọdún 1967 títí dé nǹkan bí ọdún 1981 ni ojúlówó, àti pé láti ìgbà tí ó ti bá ilé-iṣẹ́ Island ti ìlú London da òwò pọ̀ ní ọdún 1982 ni iṣẹ́ náà ti ṣá. Ìhà kejì gbà pé àwọn àwo ọdún 1982 sí 1984 ni ó gbé ìlù Yorùbá dé ibi tí kò dé rí, pé ohùn inú wọn mọ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, àti pé àwọn tí ń yin ti àtijọ́, ìgbà èwe ara wọn ni wọ́n ń yìn. A ti gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì. Èrò tiwa ni pé ìlà tí ó wà láàárín iṣẹ́ ọkùnrin yìí kò sí ní ibi tí wọ́n fà á sí, àti pé bí wọ́n ti ń jà lórí ìlà náà, ohun náà gan-an tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ jà ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Àwọn kan lè bi wá pé kí ni ìwé ìròyìn tí àwọn olùkọ́, akọ̀wé àti ìjòyè ń kà ń wá nínú ọ̀rọ̀ orin àríyá. Ìdáhùn wa kò le. Dùndún kì í ṣe ìlù abínibí àwa ará omi. Àwọn ará òkè ni ó ni ín, àwa sì ní Bírípo tiwa. Bí ọmọ Ìlàjẹ kan bá gbọ́ tí ìlù ń fọhùn bí ènìyàn, tí ó sì mọ̀ pé òwe ni ó ń pa, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé inú àwo jùjú ni ó ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Nínú irú àwo bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn apẹja wa, tí wọ́n dó sí etí òkun títí dé Kamẹrúùnù, ti ń gbọ́ èdè baba wọn ní ibi tí kò sí ilé-ìwé kan tí ń kọ́ ọmọ wọn ní èdè náà. Ohun tí ó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láàárín ènìyàn kì í ṣe ohun tí a ń fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Nítorí àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà láàárín wa, ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn náà ní ṣókí. Ọmọ ìdílé ọba Oǹdó ni Sunday Adéníyì Adégẹ́yẹ, a bí i ní ọdún 1946. Ó fi ìwé sílẹ̀, ó gba Èkó lọ, ó sì bá ẹgbẹ́ Moses Ọláìyá ṣeré, ẹni tí gbogbo wa padà wá mọ̀ sí Bàbá Sàlá. Ní ọdún 1967 ni ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Green Spots, gbogbo ẹni tí ó mọ jùjú sì mọ ohun tí orúkọ náà ń wí, nítorí Blue Spots ni ẹgbẹ́ I. K. Dáíró ń jẹ́. Ohùn rẹ̀ nígbà náà tínrín, ó sì ga, ẹni tí ó bá ti gbọ́ Túndé Nightingale yóò mọ ibi tí ó ti rí i mú. Wọ́n a máa sọ pé àwo kékeré tí ó kọ́kọ́ ṣe, tí ó pè ní "Aláàánú l'Olúwa", mẹ́tàlá péré ni a rí tà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó kọrin nípa ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Stationery Stores ti Èkó nínú "Challenge Cup" ní ọdún 1968, gbogbo ayé sì sáré rà á. Ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni ẹni tí ó ń kọ èyí. Bí inú rẹ̀ ti rí nígbà tí ó gbọ́ pé àánú Olúwa rí oníbàárà mẹ́tàlá, tí bọ́ọ̀lù sì rí àìlóǹkà, kí òǹkàwé fúnra rẹ̀ rò ó.

Ní nǹkan bí ọdún 1974 ni òun àti ilé-iṣẹ́ African Songs tí ń tẹ àwo rẹ̀ pínyà. Ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Sunny Alade, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì di African Beats. Láti ìgbà náà ni àwo ńlá ti ń tẹ̀lé àwo ńlá. Nígbà tí Bob Marley kú ní ọdún 1981, Island tí ó ti ń tà á fún ayé ń wá ẹlòmíràn tí ayé yóò tún gbọ́, wọ́n sì mú Sunny Adé. Mẹ́ta ni àwo tí wọ́n jọ ṣe: Juju Music ní 1982, Synchro System ní 1983, àti Aura ní 1984. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, wọ́n túká.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé ẹ̀sùn àwọn àgbà yẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí àwọn ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń ka ìwé yìí, kò sì yẹ kí á fi ojú àánú ṣe ìdájọ́ ọ̀rọ̀ wọn.

Ẹ̀sùn kìn-ín-ní ni pé ohun èlò òyìnbó ti wọ̀ ọ́ jù. Wọ́n ń tọ́ka sí gìtá onírin tí a ń gbé lé ilẹ̀ tí a sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, èyí tí Adémọ́lá Adépọ̀jù ń ta, tí ń ké bí ẹyẹ òru. Ṣùgbọ́n gìtá yìí ti wà nínú ẹgbẹ́ náà kí Island tó mọ ọ̀nà Èkó. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, ta ni nínú wa tí ó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ jùjú tí kò ní ohun èlò àjèjì nínú? Nígbà tí Túndé King ṣe àwo ní ọdún 1936, ìlù àfọwọ́gbọ̀n tí àwọn ará ìjọ fi ń jó ní ìta gbangba ni ó gbé dání pẹ̀lú gìtá olókùn. Gángan tí a ń pè ní ẹ̀mí jùjú lónìí, ọdún 1948 ni Akanbi Ege tó mú un wọlé. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí Àyìndé Bákárè fi iná mànàmáná sí gìtá tirẹ̀. I. K. Dáíró tẹ àkọ́díọ̀n títí Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi dá a lọ́lá ní ọdún 1963, kò sì sí àgbà kan tí ó sọ pé Dáíró kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Àgbà tí ó ń bínú sí gìtá onírin, gìtá mànàmáná ni ó fi jó ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Ohun tí ó bá òun ní ilé ayé ni ó kà sí ìṣẹ̀ǹbáyé, ohun tí òun bá ní ilé ayé ni ó kà sí àjèjì.

Ẹ̀sùn kejì ni pé a gé orin náà kúrú nítorí àwọn òyìnbó tí kò ní sùúrù. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú èyí. Àwo ńlá ti ọdún 1975 sókè, ojú kan rẹ̀ a máa jẹ́ orin kan ṣoṣo, tàbí orin mẹ́ta mẹ́rin tí a so pọ̀ láìdúró, kí a tó yí i sí ojú kejì. Orin méje ni Juju Music ní, olúkúlùkù ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni a óò wí nípa "Challenge Cup" àti àwọn àwo kékeré ìgbà náà, tí ojú kan wọn kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin lọ? Bí kíkúrú bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, Sunny ti ìṣáájú ni ó kọ́kọ́ dá a. Àwo ńlá tí ó fún un ní àyè láti na orin rẹ̀, ohun tí a rà láti òkè òkun ni, kì í ṣe ohun tí a bá nínú ilé Odùduwà.

Síbẹ̀, ìyàtọ̀ wà láàárín kíkúrú méjèèjì, ibí ni a sì fẹ́ kí òǹkàwé dúró díẹ̀. Àwo kékeré ọdún 1968 dà bí ọmọ tí a rán níṣẹ́ sí ará ilé. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tó fún un, nítorí ẹni tí ó rà á ti mọ èyí tí ó kù. Ó ti jó sí i ní Mushin tàbí ní Oǹdó láti alẹ́ di òwúrọ̀. Ó mọ ibi tí ìyáàlù ti ń dá sí ọ̀rọ̀, ó mọ ẹni tí a ń kì, ó mọ ìdí tí a fi ń kì í. Àwo náà kàn ń rán an létí ni. Orin kúkúrú ti Island kò ní ará ilé tí ń dúró dè é. Ẹni tí ó rà á ní London tàbí ní New York kò mọ òru ọjọ́ náà, kò gbọ́ ohun tí ìlù ń wí, gbogbo ohun tí ó gbọ́ ni ó wà nínú ìṣẹ́jú méje yẹn. Nítorí náà, ohun tí ó dùn létí nìkan ni a lè fi ránṣẹ́ sí i.

Ẹ̀sùn kẹta ni pé ó ba èdè jẹ́. Èyí ni a kò gbà rárá, ìdí rẹ̀ sì wá láti inú ìjọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà nínú ilé Ọlọ́run mọ̀ bí àwọn orin tí àwọn míṣọ́nnárì túmọ̀ ti rí. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ Yorùbá, wọ́n sì tì í sábẹ́ ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì, títí "ọ̀run" fi ń dún bí "ọrùn", tí ẹni tí ó ń gbàdúrà láti dé ibi mímọ́ sì dà bí ẹni tí ọrùn ń dùn. Àwọn ọlọ́gbọ́n dìde láti tún un ṣe. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta kọ orin tí ohùn rẹ̀ ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, ó sì kọ wọ́n sínú àwo ní London ní ọdún 1922, T. K. E. Phillips, tí ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Èkó, ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, ó sì tẹ ìwé jáde lórí orin Yorùbá ní ọdún 1953. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tí ó ju dùùrù òyìnbó sí ìta. Wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe dùùrù ni ó ṣẹ̀. Títẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ wá fi òṣùwọ̀n yìí wọn àwọn àwo Island. Ní inú Aura pàápàá, níbi tí Stevie Wonder ará Amẹ́ríkà ti fi ẹnu fọn dùùrù kékeré sí orin "Àṣẹ", tí ìlù ẹ̀rọ sì pọ̀ débi pé etí àgbà kò lè gbà á, ohùn ọ̀rọ̀ dúró ní ibi tí ìyá rẹ̀ bí i sí. Sunny kò fi ohùn orin tẹ ọ̀rọ̀ Yorùbá mọ́lẹ̀ rí, ní ilé tàbí ní àjò. Ìyìn ńlá ni èyí, àwọn tí ń bú u kì í sì í rántí rẹ̀.

A ti yanjú ti ohun èlò, a ti yanjú ti gígùn àti kíkúrú, a ti yanjú ti èdè. Ó wá ku ti ìgbà, ibẹ̀ sì ni ìjiyàn náà ti wó pátápátá. Àwọn ìhà méjèèjì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Sunny ti ìṣáájú kú ní ọdún 1981, tí Sunny ti ìkẹyìn sì jí dìde ní ọdún 1982. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ó fi ń ṣe àwo fún Island, ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ kò dáwọ́ dúró ní Èkó. Ní ọdún 1983 tí Synchro System jáde ní òkèèrè, tí ó sì kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, ó ṣe àwo "Bobby" fún wa ní ilé, ó fi ṣe ìdárò Bobby Benson tí ó kú ní ọdún náà. Àní orúkọ náà Synchro System kì í ṣe tuntun: ó ti lò ó ní ilé láti àárín ọdún 1970 síwájú. Bí omi odò àti omi òkun ti ń ṣàn ní ẹgbẹ́ ara wọn ní ẹnu Àwóyè, tí ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì nípa àwọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwo ilé àti àwo àjò ti ń ṣàn pọ̀ nínú iṣẹ́ ọkùnrin yìí.

Ẹ mú orin kan ṣoṣo. Ní ọdún 1982 ó gbé àwo "Orí Mi Jà fún Mi" jáde ní ilé. Ní ọdún kan náà, orin náà ni ó ṣíwájú nínú Juju Music, wọ́n sì gé orúkọ rẹ̀ kù sí "Jà fún Mi". Orin kan, olórin kan, ọdún kan. Ohun tí ó wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ojú ni pé èyí tí wọ́n ń pè ní ti London kì í ṣe London ni a ti kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ. Lomé ni, ní ilẹ̀ Tógò tí ó súnmọ́ wa yìí, ọmọ Faransé kan tí ń jẹ́ Martin Meissonnier ni ó sì ṣe alábòójútó rẹ̀. Nínú èyí tí ó lọ sí àjò, orin náà lò tó ìṣẹ́jú méje, ó rọ̀, ó dán, àlàfo wà láàárín ìlù kan àti èkejì tí ó fi jẹ́ pé a lè máa ka wọn. Ẹni tí ó bá sọ pé kò dára, kò ní etí. Nínú ti ilé, orin kan ń wọnú òmíràn, ìlù ń dá sí ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹnu ń dá ìlù lóhùn, a kò sì dúró ṣàlàyé ohun kankan. Ta ni a óò ṣàlàyé orí fún? Gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ ni ó mọ ohun tí Yorùbá ń pè ní orí, tí ó mọ̀ pé kí ènìyàn tó bẹ ẹnikẹ́ni kí ó kọ́kọ́ bẹ orí rẹ̀. (Àwa oníwàásù ní ọ̀rọ̀ tiwa lórí èyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibí yìí ni a óò ti sọ ọ́.) Ẹni tí ó gbọ́ ọ ní òkèèrè gbọ́ orin aládùn, ẹni tí ó gbọ́ ọ ní ilé gbọ́ ọkùnrin kan tí ń bá orí rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní etí gbogbo ayé.

Nítorí náà, ohun tí ó pín iṣẹ́ náà sí méjì ni ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. Àwo kan ń bá ará ilé sọ̀rọ̀, èkejì ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tí kì í yí ohùn padà nígbà tí àlejò bá wọlé. Ìwà ọmọlúwàbí ni. Kò sì sí ohun tí ó burú nínú pé kí a bá àlejò sọ̀rọ̀ dáadáa. A dá Synchro System pọ̀ mọ́ àwọn tí ó ń du ẹ̀bùn Grammy ní Amẹ́ríkà, a sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí Odù tí ó ṣe ní 1998, èyí tí ó fi padà sí orí àwọn orin àtijọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí ń sọ pé ìkẹyìn rẹ̀ kò dára gbọ́ èyí tí a dárúkọ gbẹ̀yìn yìí kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀. Ohun tí ó burú ni kí ọmọ ilé máa fi ọ̀rọ̀ tí a bá àlejò sọ mọ baba rẹ̀, kí ó má sì gbọ́ èyí tí a bá òun fúnra rẹ̀ sọ rí.

A kò ní ṣe ojúsàájú sí àwo ilé o. Àléébù wà lára wọn tí àwọn àgbà kì í fẹ́ kí á dárúkọ. Púpọ̀ nínú gígùn tí a ń yìn yìí, orúkọ olówó ni a fi kún un. Oníṣòwò kan yóò ná owó, olórin yóò sì kì í, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ọkọ̀ rẹ̀, títí ojú àwo yóò fi tán. Díẹ̀ nínú àwọn tí a kì bẹ́ẹ̀ kò ṣe ohun kan tí ìtàn lè rántí ju pé wọ́n ní owó ní ọdún náà lọ. Ẹ̀yin ìjòyè wa tí ẹ ń ka èyí, ẹ má bínú sí wa. Ẹ̀yin náà mọ ẹni tí ń lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí. Ní ìhà yìí, Island ṣe orin náà ní oore kan: kò sí ọlọ́là kankan nínú Juju Music tí a fi owó ra ìyìn rẹ̀. Síbẹ̀, nínú gbogbo ìyìn olówó yìí, òwe wà níbẹ̀, ìtàn ìdílé wà níbẹ̀, oríkì ìlú wà níbẹ̀, ìlù sì ń wí ohun tí ẹnu kò lè wí. Ẹni tí ó bá da omi náà nù nítorí ìdọ̀tí, ó ti da ẹja nù pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé kí a mẹ́nu ba Ebenezer Obey, tí òun náà kúrò ní jùjú ayé, tí ó sì yà sí orin ìhìnrere. Ọ̀ràn tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí ó yí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ padà nítorí ẹ̀rí ọkàn kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tí ó yí ohùn padà nítorí àlejò. A óò fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ni ó jẹ wá lógún jù. Àwa tí a ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ ń rí i. Bí a bá dárúkọ Sunny Adé ní kíláàsì, gbogbo wọn ni wọn yóò mọ̀ ọ́n. Bí a bá wá bi wọ́n pé àwo wo ni wọ́n ti gbọ́, àwọn orin kúkúrú tí ó wà lórí fóònù ni wọn yóò dárúkọ, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ti àjò. Bí a bá ta ìlù gángan fún wọn láti inú àwo ilé kan, tí a sì bi wọ́n pé kí ni ó wí, wọn yóò rẹ́rìn-ín. Wọn kò mọ̀ pé ó wí nǹkan kan. Bí olùkọ́ kò bá mọ̀ pé ìlù ń sọ̀rọ̀, báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ yóò ṣe mọ̀? Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó sọ pé ohun tí ayé kò mọ̀ ni àwọn àgbà ń yìn, kò purọ́. Ó kàn jẹ́ pé òun náà wà lára ayé tí kò mọ̀ ọ́n ni.

Ẹ̀bi náà kò sì sí lọ́rùn wọn. Níbo ni wọn ìbá ti gbọ́ ọ? Lẹ́yìn tí ìjọba yí ètò ọrọ̀-ajé padà ní ọdún 1986, tí náírà sì rẹlẹ̀, ó ṣòro láti máa rí ohun èlò ìtẹ àwo rà láti òkè òkun. Kásẹ́ẹ̀tì gba ipò àwo, àwọn ayédèrú sì gba ipò kásẹ́ẹ̀tì. Àwọn àwo ìgbà African Songs, ẹjọ́ lórí wọn pẹ́ ní ilé-ẹjọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn àwo ńlá tí ó tẹ̀lé wọn wà káàkiri ní ilé àwọn ènìyàn, tàbí kí wọ́n má sí mọ́. Nígbà tí a fi máa kó díẹ̀ nínú àwọn orin ọdún 1967 sí 1974 jọ sínú àwo kan tí ó dára, tí a sì kọ àlàyé sí i lára, ilé-iṣẹ́ Shanachie ní Amẹ́ríkà ni ó ṣe é, ní ọdún 2003. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún èyí kà. Sunny ti ìṣáájú, tí àwọn àgbà wa ń fi àwọn òyìnbó bú nítorí rẹ̀, òyìnbó ni ó bá wa tọ́jú rẹ̀. Àwọn àgbà jókòó, wọ́n ń jiyàn.

Àwa ará omi sì ní ọ̀tá tí àwọn ará òkè kò ní. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ń jẹ abẹ́rẹ́ giramafóònù, ọ̀rinrin ń hu èébú sínú páálí àwo, oòrùn orí páànù sì ń ká àwo náà kò bí ewé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ayétòrò, ìlú tí Ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní ọdún 1947, ẹ mọ ohun tí òkun ti ṣe níbẹ̀: ó ti gbé ilé lọ, ó gbé ibi ìjọsìn, ó gbé ibojì. Ilé tí òkun bá gbé kì í lọ láìmú ẹrù inú rẹ̀. Àwọn àwo tí bàbá kan rà ní Èkó ní ọdún 1976, tí ó fi ọkọ̀ gbé wálé, tí ó ń gbọ́ pẹ̀lú bátìrì nítorí kò sí iná, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti wà nísàlẹ̀ omi báyìí. Kò sí ìjiyàn kan tí ó lè fà wọ́n jáde.

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa ti fohùn ṣọ̀kan pé kí a ya àpótí kan sọ́tọ̀ ní yàrá ìkàwé ẹgbẹ́ fún àwo ilé, ti Sunny Adé àti ti àwọn mìíràn, láti orí àwo kékeré dé àwo ńlá. A kò ní gba àwo lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní gbígbà pátápátá bí kò bá fẹ́. Kí ó mú un wá, a óò da ohùn inú rẹ̀ sínú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, a ó sì dá a padà fún un. Ẹ má ṣe to àwo lé ara wọn. Ẹ gbé wọn dúró ní ẹ̀gbẹ́ bí ìwé. Ẹ má fi omi iyọ̀ nù wọ́n, ẹ má sì fi ìbòrí gbígbóná bò wọ́n. Aṣọ rírọ̀ tí ó gbẹ ni kí ẹ fi nù wọ́n, yíyí po bí ojú ilà inú wọn ti yí. Lẹ́yìn náà, kí olúkúlùkù kọ sínú ìwé pélébé ọdún tí ó rà á, ibi tí ó ti rà á, àti ohun tí ó mọ̀ nípa àwọn tí a kì nínú rẹ̀. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni kí a rí ẹni tí ó gbọ́ èdè ìlù, kí ó jókòó tì wá, kí ó máa sọ fún wa ohun tí ìyáàlù ń wí, kí a lè kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa. Àwọn àgbà onílù tí ó lè ṣe èyí kò pọ̀ mọ́ ní agbègbè wa. Bí òǹkàwé kan bá mọ ọ̀kan, ní Ọ̀kìtìpupa tàbí ní Oǹdó, kí ó jẹ́ kí akọ̀wé ẹgbẹ́ gbọ́ kí oṣù yìí tó parí. Ẹgbẹ́ ni yóò san owó ọkọ̀ rẹ̀ ní àlọ àti àbọ̀. Ẹni tí ó bá sì ní "Challenge Cup" ti ọdún 1968 tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́, ó dàbí ẹni pé kò tí ì sí ẹnikẹ́ni láàárín wa tí ó ní in.